Iná Búlúù ní Pálọ̀ Ládàánì

Díẹ̀ ló kù kí wọ́n sọ ilé bàbá mi di ilé ọtí lónìí. Iná ẹja mi ló fà á.

Mo ń sin ẹja òkun sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ wa n'Ílá níbí. Iyùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, iyùn tó ṣì wà láàyè, tí kò tíì di ìlẹ̀kẹ̀. Iná funfun ni mo ń tàn sí i tẹ́lẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ wá ń ṣá. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé iná búlúù ni iyùn ń fẹ́.

Mo fi búlúù sí i nírọ̀lẹ́ òní. Iyùn tàn yòò. Àmọ́ kọ́tìnì wa fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ náà yọ dé títì.

Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ ládàánì àdúgbò, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́sálásí dé ni ọlọ́kadà kan tí a ò mọ̀ rí kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ káalẹ́, sà. Ẹ fún mi ní bíà tútù méjì."

Ilé ọtí nìkan ló ń tan irú iná yẹn ládùúgbò wa.

Bàbá wo ọkùnrin náà, wọ́n wo fèrèsé, wọ́n wá wò mí.

"Ẹ má bínú, sà," mo wí fún Bàbá. "Màá dá funfun padà."

Wọ́n ní kí ọlọ́kadà náà máa lọ, wọ́n wá lọ dúró níwájú gíláàsì náà.

"Ṣé bó ṣe ń rí nísàlẹ̀ òkun nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Sùbùhánalláhì. Fi sílẹ̀. Kọ́tìnì ni kí o lọ pààrọ̀."

Wọ́n ti gbé àga síwájú ẹja báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ kọ́tìnì rà, irú èwo ló nípọn jù? Ẹ tètè dá mi lóhùn, ẹnìkan tún ti ń kan ilẹ̀kùn.