Àwọn Fọ́tò Bàbá Wa Tí Màámi Pa Rẹ́

Èmi ni mo ra fóònù tí màámi ń lò. Àbúrò mi ọkùnrin ti lọ sí Kánádà nígbà náà, wọ́n sì fẹ́ máa rí ojú rẹ̀ bí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀. Màámi ò ní ímeèlì, mo bá fi tèmi ṣí fóònù náà fún wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni fọ́tò àwa méjèèjì ti ń lọ sí ibì kan náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí mo bá yà ní ọ́fíìsì mi ní yunifásítì á yọ lórí fóònù wọn nílé ní Ìlódè. Èyí tí àwọn náà bá yà á yọ lórí tèmi. Mo lè wà nídìí iṣẹ́ kí n ṣàdédé rí adìyẹ aládùúgbò tó tún wọ inú ẹ̀fọ́ wọn. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Télọ̀ ni bàbá wa. Ìsọ̀ wọn kò jìnnà sí Ẹnuwá, wọn kì í sì í jáde nílé láìjẹ́ pé aṣọ ọrùn wọn lọ̀ dáadáa. Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, àbúrò mi ò lè wálé. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde. Bó bá kúrò lọ́hùn-ún, kò dájú pé wọ́n á jẹ́ kó padà wọlé. Mo bá ń ya fọ́tò bàbá fún un. Mò ń yà wọ́n bí wọ́n ṣe ń sùn, bí wọ́n ṣe ń mu ẹ̀kọ, bí wọ́n ṣe gbára lé ìrọ̀rí. Lọ́jọ́ tí ara bá yá wọn díẹ̀, mo máa ń ká ohùn àti ìṣesí wọn sí fídíò. Nígbà tó yá, bàbá kú. Orí fóònù ni àbúrò mi ti wo ìsìnkú.

Ọdún kan ikú bàbá ti ń sún mọ́ nígbà tí àbúrò mi pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá fídíò tí bàbá ti ń bá nọ́ọ̀sì ṣeré yẹn. Fóònù mi bọ́ sómi. Kò sí nǹkan kan tó kù nínú rẹ̀."

Mo ní kó má ṣèyọnu. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí àwọn fọ́tò mi, n kò rí fídíò náà. Bàbá níwájú ìsọ̀ wọn wà níbẹ̀. Bàbá níbi ìkómọjáde ọmọ mi wà níbẹ̀. Ti ọsibítù nìkan ni n kò rí, bẹ́ẹ̀ ni kò ku ẹyọ kan. Ó ṣáà dà bíi pé ẹnì kan ṣà wọ́n kúrò bí ẹni ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Màámi ló sọ sí mi lọ́kàn, nítorí fóònù wọn ti ń ráhùn pé àyè ti kún. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo gun ọ̀kadà, ó di Ìlódè.

Mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí.

"Ṣé kò sí o? Ìwọ tó yẹ kó wà níbi iṣẹ́."

"Kò sí, mà. Fóònù yín ni mo fẹ́ wò. Ó jọ pé ẹ ṣèèṣì pa àwọn fọ́tò kan rẹ́."

Wọn ò gbójú sókè. "N ò ṣèèṣì."

Wọ́n bó ẹ̀gúsí bíi mélòó kan sí i, wọ́n wá dáwọ́ dúró.

"Fóònù yẹn fúnra rẹ̀ ló ń gbé wọn jáde. Ní àràárọ̀. Màá fẹ́ wo aago lásán, á ní ọdún kan sí òní rèé, ọkọ mi ni màá rí lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú rọ́bà nímú. Ṣé bàbá yín nìyẹn? Ẹ̀yin ń wo fọ́tò. Èmi ni mo wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Mo jókòó, mo sì yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan."

Mo jókòó tì wọ́n. Lóòótọ́, ó ti ń yọ sí èmi náà, ṣùgbọ́n èmi máa ń yára tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. N kò ronú rẹ̀ rí pé ẹni tó dá jí nínú ilé náà ló ń yọ sí.

Mo rọra ṣàlàyé pé ibì kan náà ni fọ́tò wa wà, pé èyí tí wọ́n bá pa lọ́dọ̀ wọn ti kú lọ́dọ̀ mi nìyẹn. Mo sọ fún wọn ohun tí àbúrò mi béèrè. Àwo ẹ̀gúsí fẹ́rẹ̀ẹ́ dà nù.

"Háà! Tèmi nìkan ni mo rò pé mò ń pa. Mo ti wá ba ti ọmọ ọlọ́mọ jẹ́?" Omi ti dé ojú wọn.

"Kò tíì bàjẹ́, màámi. Fóònù náà ní ààtàn tirẹ̀. Ohun tí a bá pa á kọ́kọ́ wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀ kó tó lọ pátápátá."

Mo ṣí i. Gbogbo wọn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó kù fún wọn kò pọ̀ mọ́. Ọwọ́ mi ti wà lórí ibi tí màá tẹ̀ kí wọ́n padà, mo bá rántí pé bí wọ́n bá padà, iwájú màámi ni wọ́n tún ń bọ̀. Mo kọ́kọ́ ṣí ímeèlì tiwọn fún wọn, mo kó àwọn fọ́tò tí wọ́n fẹ́ síbẹ̀, mo sì yọ fóònù wọn kúrò lára tèmi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo dá fọ́tò bàbá padà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà, wọ́n ń yọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo délé, mo tún kó gbogbo rẹ̀ sórí fláàṣì, nítorí mo ti rí i pé kí nǹkan wà lórí fóònù méjì kò túmọ̀ sí pé a ní méjì.

Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, màámi ní, "Jẹ́ kí n wo èyí tí ọmọ ń béèrè."

Nínú fídíò náà, bàbá na ìka sí aṣọ nọ́ọ̀sì. "Ta ló rán èyí fún yín? Ìṣẹ́tí rẹ̀ ti wọ́. Ẹ jẹ́ kí n dìde níbí ná." Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, bàbá náà ń rẹ́rìn-ín. Ohùn màámi wá dún láti ẹ̀gbẹ́ kan: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ wọn ṣe, ẹ jọ̀ọ́!"

Màámi gbọ́ ohùn ara wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn tún un wò. Wọ́n ní, "Fi eléyìí sí tèmi. Àwọn yòókù, bá mi tọ́jú wọn. Tí mo bá fẹ́ rí wọn, màá sọ."

A pe àbúrò mi nírọ̀lẹ́. Màámi ní, "Má bínú, èmi ni mo pa fídíò náà rẹ́."

"Ẹ má bẹ̀ mí, màámi. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Èmi ò sí níbẹ̀."

Màámi wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi í rí.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n pè ọ́ pé bàbá ti lọ, ibo lo wà?"

Ó ní inú bọ́ọ̀sì ni òun wà, òun ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó ní òun kàn bọ́ sílẹ̀ níbi tí òun ò mọ̀, òun dúró nínú òtútù, òun ò rántí ọ̀nà ilé mọ́. Obìnrin àgbàlagbà kan ló mú òun lọ́wọ́ sọdá títì.

"Olúwa á bá mi kẹ́ obìnrin náà," ni màámi wí. Wọ́n fa fóònù mọ́ra. "Wá sọ fún mi. Nígbà tó o délé ńkọ́?"