Ike Tẹ̀tẹ̀ Ìyá Fẹ́mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ obìnrin tá a jọ ń gbé ilé kan náà ní Bàrígà. Inú ṣì ń bí mi o, mi ò ní purọ́!

Àríkẹ́ ọmọ mi ní asímà. Eruku díẹ̀ báyìí, kò ní lè mí dáadáa mọ́. Tísà ágírìkì wọn wá ní kó má bá wọn roko. Kó gbin tẹ̀tẹ̀ sínú ike nílé, kó gbé e wá gba máàkì. Bí kò bá hù, kò sí máàkì.

Ṣé ẹ mọ bí èso tẹ̀tẹ̀ ṣe kéré tó? Bí orí abẹ́rẹ́ ni! Èmi tí mo dàgbà sí Ṣómólú, kí ni mo mọ̀ nípa oko? Mo bi Ìyá Fẹ́mi, nítorí ó máa ń gbin ewébẹ̀ sẹ́yìn ilé, Fẹ́mi ọmọ rẹ̀ sì wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú Àríkẹ́. Ó ní kí n fi ìka lu ihò, kí ìka wọlé tán, kí n da èso sí i, kí n tẹ erùpẹ̀ lé e dáadáa. Díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀ fún un! Mo ṣe bó ṣe wí gẹ́lẹ́.

Kò hù. Àríkẹ́ gbé ike erùpẹ̀ lásán lọ síléèwé, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sunkún títí àyà rẹ̀ fi há. Wọ́n pè mí, eré ni mo sá débẹ̀. Ínhélà ló gba ọmọ mi sílẹ̀.

Ìyá Fẹ́mi wá ń rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ omi. “Bàbá Àríkẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ọmọ bí ẹyin, iyanrìn lẹ wá gbìn fún un?”

Ti Fẹ́mi ńkọ́? Ó kún ike bámúbámú! Ọmọ náà ló sọ fún Àríkẹ́ pé ojú erùpẹ̀ ni ìyá òun fọ́n tòun sí, ó sì ní kóun má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ ò rí nǹkan! Mo pe ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ṣàlàyé. Màmá pariwo: “Ta ló ní kó o sin ín? Ṣé òkú ni?”

Tísà gbà kí Àríkẹ́ tún un ṣe. Mo ní kó dúró sínú yàrá, kí eruku má bàa kàn án. Mo fi ìṣó lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdérí agolo mílíìkì. Mo po èso mọ́ iyanrìn gbígbẹ tí mo ti sẹ́, kó má bàa dà jọ síbì kan. Mo fi pátákó tẹ́ ojú erùpẹ̀ kó dọ́gba, mo wá da èso náà sínú agolo, mo gbọ̀n ọ́n sí i bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sórí ẹyin díndín. Erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo sẹ́ bò ó. Ìgò ike tí mo lu ìdérí rẹ̀ ni mo fi wọ́n omi, kí omi má bàa wọ́ èso lọ.

Mo wá mú ike kejì. Èso kan náà, erùpẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n bí Ìyá Fẹ́mi ṣe kọ́ mi ni mo ṣe gbin èyí. Mo fi máàkà kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀: ÌMỌ̀RÀN ÌYÁ FẸ́MI. Mo gbé méjèèjì sórí fẹ́ǹsì nídìí ẹ̀rọ omi, níbi tí gbogbo ilé ti ń pọnmi.

Ike Àríkẹ́ tutù yọ̀yọ̀. Èkejì? Erùpẹ̀ lásán! Lánlọ́ọ̀dù ka ohun tí mo kọ sára rẹ̀ sókè, ó ní, “Ìyá Fẹ́mi, ẹ ò ṣe wá kọ́ èmi náà?” Ẹ̀rín pa gbogbo ilé.

Ìyá Fẹ́mi wá bá mi pé kí n gbé e kúrò, eré lòun ń ṣe. Mo ní eré kẹ̀? Ọmọ mi ò rí èémí mí, ẹ ní eré? Ó ní ó dáa, kí n ṣáà pa orúkọ òun rẹ́. Mo ní ọjọ́ tó bá hù, màá pa á rẹ́.

Àríkẹ́ gba máàkì rẹ̀. Ẹ̀kọ́ mi ni pé èso wẹ́wẹ́ kì í fẹ́ jíjìn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbà yín nímọ̀ràn lórí ọmọ yín, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ohun tó ń ṣe fún tiẹ̀. Ta ló ti hu irú ìwà yìí sí yín rí? Kí lẹ fi san án? Ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀ o!

Ike Ìyá Fẹ́mi yẹn ṣì wà lórí fẹ́ǹsì. Àràárọ̀ ni mò ń bomi rin ín, kí wọ́n má bàa ní mi ò tọ́jú rẹ̀.