Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì Àgbà

Inú ìgò oògùn ikọ́ ni nọ́ọ̀sì àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Port Harcourt máa ń rọ ògógóró rẹ̀ sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ láti ojú ogun wá bá wa ní ọsibítù ni oorun ti dá lójú rẹ̀. Á ní, "Bí mi ò bá mu ún, igbe wọn ni mo máa ń gbọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ gún sójà kan lábẹ́rẹ́.

Sójà náà ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọwọ́ yín ń gbọ̀n."

Ó gbé abẹ́rẹ́ náà fún mi, ó lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá wa. Wọ́n gbé e kúrò lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn, wọ́n ní kó máa to fáìlì.

Nígbà tó yá, mo bi í bóyá ó dùn ún pé wọ́n gbé e kúrò.

Ó ní, "Ó dùn mí, àbúrò. Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ tí mo jẹ́wọ́ yẹn nìkan ni mo sùn láìmutí."