Ọmọ Tó Ń Gbé Inú Fóònù

Ọṣẹ dúdú ni Sàrátù Àtọ́kẹ́ ń ṣe tà ní Ìwó. Ọkọ rẹ̀, Alfa Ọláṣùpọ̀, ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún wọn láyé, Abdulqowiyy, tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Nígbà náà, oṣù kan kì í lọ kí ó má wálé.

Òun ló ra fóònù ńlá fún ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, ojoojúmọ́ lẹ ó máa rí mi báyìí. Àfi bí ẹni pé inú yàrá ni mo wà."

Kareemah, aránṣọ tó háyà ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wọn, ló kọ́ Sàrátù bí wọ́n ṣe ń lò ó. Nígbà àkọ́kọ́ tí ọmọ fi fídíò pè é, etí ni Sàrátù gbé fóònù sí. Etí ìyá nìkan ni ọmọ rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá àsàlátù lórí Wasáàpù. Ó rí Fàtímọ̀, ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ tó lọ ilé ọkọ ní Olúpọ̀nnà. Àdúrà àti òfófó ni wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ síra wọn. Alfa pàápàá a sá wọ yàrá lọ dé fìlà kó tó jẹ́ kí ọmọ rí òun.

Ṣùgbọ́n bí fóònù ṣe ń dùn sí i ni ẹsẹ̀ ọmọ ń dín kù nílé. Bí ìyá bá bèèrè ìgbà tí yóò wá, a ní, "Ìyá mi, ṣebí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ara wa lánàá ni?" Òótọ́ ni, wọ́n rí ara wọn. Iléyá kan kọjá, òmíràn tún kọjá.

Nígbà tí àìsàn dá Alfa dúbúlẹ̀, Sàrátù pe ọmọ.

"Bàbá rẹ ò gbádùn. Wá wò wọ́n."

Ọmọ wo ojú bàbá rẹ̀ nínú fóònù. "Wọn ò mà rù. Ojú wọn ń dán."

Àdí ni ìyá ti fi pa ojú Alfa kí ó lè dán, kí ẹ̀rù má bàa ba ọmọ. Ó wá kábàámọ̀ àdí tó fi pa á.

"Ṣáà máa bọ̀."

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Inṣá Allāhu."

Alfa kú lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé. Mùsùlùmí kì í fi òkú pẹ́ nílẹ̀, síbẹ̀ wọ́n dúró de ọmọ títí di alásàrí. Èkó sí Ìwó kì í ṣe òkè òkun. Ìpè ló wọlé dípò ọmọ: wọn ò fún un láyè níbi iṣẹ́, kí Kareemah jọ̀ọ́ fi ìsìnkú náà han òun lórí fídíò.

Kareemah na fóònù sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ní ẹ̀yìnkùlé. Bí wọ́n ti ń da iyẹ̀pẹ̀ ni igbe sọ.

"Ta ló ń ké?" ni Lèmọ́mù bèèrè.

"Ọmọ Alfa ni," Kareemah dáhùn. "Inú fóònù ló wà."

Bàbá àgbà kan pòṣé. Sàrátù gbọ́ òṣé náà láti ojú fèrèsé. Ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀ ju ìbànújẹ́ lọ.

Kò ju fóònù nù. Fàtímọ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi orúnkún tó ń dùn ún gun ọ̀kadà wá jókòó tì í. Ṣùgbọ́n bí ìpè ọmọ bá wọlé, Sàrátù a wò ó títí yóò fi dákẹ́.

Níkẹyìn, Abdulqowiyy wá, tòun ti àpò ìrẹsì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣé àlàáfíà lẹ dé?"

Ọmọ wẹ̀yìn, bóyá ẹnìkan tẹ̀ lé òun wọlé. Kò sí ẹnìkankan.

"Ìyá mi, èmi ni!"

"Mo dá yín mọ̀. Ẹ jókòó."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ kúkú nà mí."

"Ta ní í na àlejò?"

Ọmọ bú sẹ́kún. Sàrátù bu omi wá, ó sì kúnlẹ̀ gbé e fún un. Ọmọ fò dìde bí ẹni tí iná jó, omi dànù. Ìyá nu ilẹ̀.

Ó sun ibẹ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, Sàrátù sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ kí ilé o," ló wí.

Títí di òní, kò pe ọmọ náà ní "ìwọ" mọ́.