Ẹja Tí Òtútù Kì í Mú

Nínú gbogbo akọni tí ilẹ̀ Yorùbá bí, tí ó sì kó wá sí Ṣikágò, kò sí èyí tó tó ọkùnrin tó ń bọ́ kóòtù nínú yìnyín nítorí ìpè fídíò. Àwọn baba wa bá ènìyàn jagun. Òun ń bá oṣù kìíní jà. Ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀. Ó ti ju kóòtù sórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó ti ṣí fìlà, ó ti nu ikun imú. Ṣẹ́ẹ̀tì alápá kúkúrú ló kù sí i lọ́rùn. Ó gbé fóònù sókè kí gbogbo yìnyín funfun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè hàn dáadáa, ó sì rẹ́rìn-ín bí ọba lórí ìtẹ́. "Ẹ ò rí i? Òtútù kì í mú mi mọ́." Ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ gùn ṣá o, torí tó bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, àgbọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á sì tú ọ̀gá rẹ̀ fó.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí jù lọ ni ẹ̀gbọ́n mi kan ní Bolingbrook, ìlú kan lẹ́bàá Ṣikágò. A kì í ṣe ọmọ ìyá. Yunifásítì kan náà la ti jáde nílé, ó ṣáájú mi wọlé, ìyẹn nìkan ló sì fún un láṣẹ láti máa rán mi níṣẹ́ títí dòní. Èmi kọ́ nípa èdè, ìyẹn ni pé wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ kí ó sì dà bí ìmọ̀. Òun kọ́ nípa ẹja.

Kì í ṣe ẹja tí ẹnikẹ́ni ń jẹ. Loach ni òyìnbó ń pè é: ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò ju ìka ọwọ́ lọ, kò ní ìpẹ́, irùngbọ̀n yí ẹnu rẹ̀ ká bíi ti àrọ̀. Ibi tí ẹja tí orí rẹ̀ pé kò ní yà sí ni irú tirẹ̀ ń gbé, nínú odò orí òkè gíga ilẹ̀ Éṣíà, níbi tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dì, tí afẹ́fẹ́ kò sì tó mí. Àwọn ìbátan rẹ̀ kan wà nínú ihò àpáta tí oòrùn kò dé rí. Ojú kò wúlò fún wọn níbẹ̀, ìran wọn sì pàdánù ojú. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn láti máa sọ pé ẹ̀yà ẹja yìí ni àwa tí a wá sí Ṣikágò. Mo máa ń dá a lóhùn pé kò sí ẹja tó fọwọ́ ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ láti wá sínú òtútù.

Ìwádìí lórí wọn ló gbé e wá síbí. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ti ilé ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́ pa, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ náwó sórí ẹja tí kò ṣeé jẹ, tí kò sì lẹ́wà. Wọ́n ní kí ó da àwọn tó kù nù. Ọ̀mọ̀wé rọ wọ́n sínú ike, ó gbé wọn sínú mọ́tò, ó kó wọn sínú ilé onígíláàsì ní yàrá abẹ́ ilé rẹ̀, ó sì ra ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù. Láti ìgbà náà ló ti ń wa fọ́kílífù nílé ìkẹ́rùsí kan, ó ń gbé àpótí sókè, ó ń gbé àpótí sílẹ̀.

Ní ìgbà òtútù kan, ó pè mí.

"Àbúrò, wọ́n fèsì! Yunifásítì kan lápá ìwọ̀-oòrùn, níbi òkè yẹn. Wọ́n ń rán obìnrin kan wá on Friday."

"Wá ṣe kí ni?"

"Wá wo ẹja. Ó ní òun ò mọ lab mìíràn tó ṣì ní irú wọn. Tó bá bá wọn láàyè, wọ́n á gba ẹja, wọ́n á sì gba èmi náà."

"Èwo gan-an ni wọ́n fẹ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Ẹja ni. Èmi tẹ̀lé ẹja ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n forklift yìí, tí mo bá tún fi wà á di ọdún tó ń bọ̀, mi ò mọ ẹni tí mo máa dà."

Ìyá rẹ̀ ti dé láti Ìwó nígbà yẹn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n la jọ lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfurufú. Màmá di ẹnu ọmọ wọn mú bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́.

"Ètè rẹ ti fọ́. Ìwọ tó o ní òtútù kì í mú ọ."

"Màmá, afẹ́fẹ́ lásán ni."

"Ṣé afẹ́fẹ́ ló ń mú ọ gbọ̀n báyìí?"

Nígbà tí Màmá délé, wọ́n rí i pé ṣòkòtò méjì ló ń wọ̀ sùn. Wọ́n ká a mọ́ ibi tó ti fẹ̀yìn ti ẹ̀rọ amúlégbóná bí ológbò. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú búútà láràárọ̀, kí ọmọ wọn lè fi ṣe àlùwàlá.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó mú wọn lọ wo ẹja.

"Ta ló kó ẹ̀dá Ọlọ́run sínú omi yìnyín?"

"Màmá, ibi tó tutù ni wọ́n ti wá. Òtútù kì í mú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn o."

Màmá wo ẹja, wọ́n sì wo ọmọ wọn láti orí dé ẹsẹ̀. "Mo gbọ́," ni wọ́n wí. Èmi tí mo kọ́ nípa èdè rò pé wọ́n gbà ni.

Nígbà tó ku ọ̀la kí obìnrin náà dé, mo yá mọ́tò láti Uptown, àdúgbò tí mò ń gbé ní Ṣikágò, mo lọ ràn án lọ́wọ́ láti tún yàrá abẹ́ ilé ṣe, kí àlejò má bàa bá ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n sá sórí ìwé oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n kò tíì dé láti ibi iṣẹ́. Màmá ló ṣílẹ̀kùn, búútà wà lọ́wọ́ wọn, inú wọn ń dùn.

"Wá wò wọ́n, ọkọ mi. Ara ti tù wọ́n."

Ìsàlẹ̀ gbóná bí ọ̀gbẹlẹ̀. Wọ́n ti yọ ẹ̀rọ amómitutù lára iná láti àárọ̀, wọ́n ti gbé amúlégbóná sún mọ́ gíláàsì, bí wọ́n bá sì kírun tán, wọ́n á da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó kù nínú búútà lé ẹja lórí.

"Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀, bí ẹni tí ìyà ń jẹ. Bí omi ṣe ń móoru báyìí, gbogbo wọn wá sókè, wọ́n ń ya ẹnu sí mi, wọ́n ń dúpẹ́. Wọ́n ti sùn wàyí."

Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ léfòó, ikùn wọn funfun. Lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ni mo ti gbọ́ pé omi tó bá gbóná kì í ní afẹ́fẹ́ tó nínú. Wọn ò dúpẹ́. Èémí ni wọ́n ń wá. Mo ki ẹ̀rọ padà bọ iná, mo sáré bu yìnyín níta wá dà sínú omi. Kò sí èyí tó mira.

Ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ lọ́rùn. Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́.

"Màmá, mo sọ fún yín pé òtútù kì í mú wọn."

"O sọ ọ́. O sì sọ fún mi pé kì í mú ìwọ náà. Ìgbà wo lo ti ń fi àyà hàn mí nínú fóònù? Mo débí, mo bá ọ níbi tó o ti ń gbọ̀n. Mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe níhìn-ín nìyẹn, ìyà á máa jẹ wọ́n, wọ́n á ní kò ṣe àwọn. Ṣé kí n wá máa wò wọ́n ni?"

Màmá wo ọwọ́ ọmọ wọn, wọ́n wo omi. Ohùn wọn rẹlẹ̀.

"Àbí èmi ni mo pa wọ́n?"

"Rárá, Màmá. Wọ́n ti dàgbà ni."

Omi tútù ni Màmá fi ṣe àlùwàlá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó kọ̀wé sí obìnrin náà pé kó má wulẹ̀ wá mọ́. Èsì tètè dé. Wọ́n kẹ́dùn nítorí ẹja. Wọn ò mẹ́nu ba òun rárá.

Màmá ti padà sí Ìwó. Ẹ̀gbọ́n ṣì ń gbé àpótí sókè, ó ń gbé e sílẹ̀, ó sì ti ní kí n má pe òun ní ọ̀mọ̀wé mọ́, kódà ká máa ṣeré. Mo ti wá àwàdà tí mo lè fi dá a lóhùn, mi ò rí i. Mo fẹ́ bínú sí Màmá, kò ṣeé ṣe: ohun tí ọmọ wọn kọ́ wọn ni wọ́n fi ṣọgbọ́n. Mo wá fẹ́ bínú sí òun, ẹni tó fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn parọ́ fún ìyá rẹ̀ títí òtítọ́ rẹ̀ kò fi níye lórí mọ́.

Ṣùgbọ́n ìyá tèmi náà wà nílé, wọ́n sì máa ń béèrè bóyá òtútù ń mú mi. Èmi náà máa ń bọ́ kóòtù.