Òkúta Tí Mo Kó Fún Ìjà Tí Kì Í Ṣe Tiwa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, lọ́dún tí wọ́n ń gé igi obì lulẹ̀ lọ́nà Ìkẹjà kí wọ́n lè ráyè kọ́ àwọn ilé iṣẹ́, ẹ̀bá ojú irin ní Agége là ń gbé. Ẹ má bi mí pé ọdún wo nìyẹn nínú ìwé, èmi àti ilé ìwé ò mọra. Ohun tí mo mọ̀ ni pé eyín iwájú mi méjèèjì ti yọ, tuntun ò sì tíì hù.

Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí n rántí. Ó ka ìròyìn kan fún mi láàárọ̀ lórí fóònù rẹ̀, pé wọ́n ní kí orílẹ̀-èdè kan san owó ìtánràn, torí pé ó kó ìbọn fún àwọn tó jagun nílẹ̀ ibòmíràn ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè náà ní òun ò rán ọmọ ogun kankan lọ, òun ò yìnbọn, kí ló wá kan òun? Ọmọ yìí ní, "Màmá, ṣé wọ́n jẹ gbèsè?" Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ mumi ná.

Lébìrà ni bàbá mi ní rélùwéè. Òkúta ni wọ́n máa ń kó sábẹ́ irin. Ẹ ti rí òkúta yẹn rí, ó dúdú, ó le, etí rẹ̀ mú bí abẹ. Ilẹ̀ pupa àti yanrìn ló wà ní gbogbo àdúgbò wa, kò síbi tẹ́ ẹ ti lè rí irú òkúta bẹ́ẹ̀ àfi ní ẹ̀yìn ilé tiwa, níbi tí wọ́n kó o jọ sí.

Àwọn ọmọ agbolé méjì kan wà lókè ọ̀hún, igi máńgòrò kan ló wà láàárín wọn, òun ni wọ́n sì ń jà lé lórí. Ìjà náà ti wà kí n tó gbọ́njú. Kóró máńgòrò àti ògúlùtu ni wọ́n fi ń sọ̀kò síra wọn. Ẹni tó bá bà, á sunkún díẹ̀, á nu imú, ó di ọ̀la. Àwa ọmọ ẹ̀bá ojú irin ò sí níbẹ̀ rárá, àfi lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin kan, tó jẹ́ ọ̀gá ogun fún agbolé kan nínú méjèèjì, wá bá mi.

"Aláìléyín," ló pè mí, "bá wa kó òkúta yín wá, a óò jẹ́ kó o ṣa máńgòrò lábẹ́ igi."

"Mélòó?"

"Títí o ó fi yó."

Mo kó o. Mo rù ú nínú páànù ìyá mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ tí mo bọ̀. Lẹ́yìn náà mo jókòó sábẹ́ igi, mo ń jẹ máńgòrò, omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá mi. Mo ń gbọ́ ariwo wọn. Mi ò tiẹ̀ dìde wò.

Ẹ̀yìn agbolé kejì ni Ìyá Aláró ń gbé. Opó ni, kò sọ́mọ lọ́dọ̀ rẹ̀, aṣọ tó ń rẹ láró ló fi ń jẹun. Ìkòkò mẹ́ta ló ní. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ò ní mọ̀ pé aró kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe lónìí kí wọ́n lò ó lónìí. Yóò gún elú, yóò sẹ́ omi eérú, yóò bò ó fún ọjọ́ púpọ̀ kó tó tó rẹ aṣọ. Òkúta tí mo kó ré kọjá agbolé, ó fọ́ ìkòkò méjì nínú mẹ́ta. Aṣọ oníbàárà tó wà nínú ọ̀kan bá àpáàdì àti ẹrẹ̀ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló wá sílé wa. Kò pariwo.

"Bàbá Rélùwéè, ẹ kú ilé o. Ìkòkò mi méjì fọ́."

Bàbá mi ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá, a gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi ò sọ òkò kankan. Ẹ lọ bá àwọn tó sọ ọ́."

"Mo ti débẹ̀, àwọn ìyá wọn ti bẹ̀ mí. Tilé yín ló kù." Ó tú kókó ìró rẹ̀, ó mú òkúta kan jáde. "Ẹ ò mọ eléyìí ni?"

Bàbá mi gbà á, ó yí i wò. Ṣebí irú ẹ̀ ló ń kó láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀rù ń bà á, torí bí ọ̀gá rẹ̀ bá gbọ́ pé òkúta ìjọba ń tilé wa jáde, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ó lè sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ó yíjú sí mi dípò bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Èmi ni mo kó o, ṣùgbọ́n mi ò jù ú! Ẹ bi wọ́n, abẹ́ igi ni mo wà!"

Ìyá Aláró rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. "Bó ò bá kó o wá, kí ni wọn ì bá jù? Kóró máńgòrò? Látijọ́ tí wọ́n ti ń jù ú, ìkòkò mi wo ló fọ́?"

Ìyá mi tó ti dìde láti gbèjà mi rọra jókòó padà.

Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, bàbá mi ru ìkòkò tuntun kan wálé fún un, ìyá mi ru ìkejì. Àwọn tó sọ òkò ń gún elú. Èmi, eérú ni wọ́n ní kí n máa rù. Láti ilé búrẹ́dì tí wọ́n ti ń figi dáná ni mo ti ń gbé e, lójoojúmọ́, orí mi á funfun, àwọn ẹgbẹ́ mi á máa dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú ọ̀nà pé, "Ìyá àgbà, ẹ kú ọjọ́ o!"

Lọ́jọ́ tí aró náà tó rẹ aṣọ, inú mi dùn. Mo ní, "Ìyá, ó ti parí nìyẹn."

Ìyá Aláró wò mí. "Aró ti parí. Ẹni tó ni aṣọ tó bàjẹ́ ti kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn. Ṣé o lè ru ìyẹn náà wá?"

Mo gbé páànù mi, mo lọ sílé. Títí di òní, mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ru ìyẹn.

Torí náà, bẹ́ ẹ bá bi mí, mo gbà pé orílẹ̀-èdè yẹn jẹ gbèsè. Ọmọ ọmọ mi ní, "Màmá, àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà náà ló máa san án, ṣé ó dáa?" Ọ̀rọ̀ yẹn le, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi náà ò jẹ nínú máńgòrò yẹn, ó sì ru ìkòkò. Owó tí wọ́n ń sọ pé kí wọ́n san dáa. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹnì kan nínú wọn tiẹ̀ ti dé ibi tí ìbọn wọn ti dún rí, tó rí bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí.

Ayé ti yí padà. Láyé ìgbà yẹn, ohun tó fọ́ kì í jìnnà sẹ́ni tó fọ́ ọ. Ìyá Aláró mọ ẹnu ọ̀nà wa. Lónìí, wọ́n á kó ohun ìjà láti ìlú kan, ilé á wó nílùú tí àwọn tó kó o lọ ò lè pe orúkọ rẹ̀, opó ibẹ̀ ò sì mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn.

Nígbà tí èmi náà di abiyamọ, tá a ti kó lọ sí àdúgbò Ọgbà, mo sọ fáwọn ọmọ mi pé kí wọ́n má fi ohun ọwọ́ wọn ránṣẹ́ síbi tí àwọn fúnra wọn ò lè lọ dúró. Àkọ́bí mi, tó fẹ́ràn iyàn jíjà, ní, "Béèyàn bá wá ti fi ránṣẹ́ ńkọ́, Màmá?"

Mo ní kó dìde, kó lọ wo ibi tí ohun náà bà, kí wọ́n tó wá pè é.