Àlàfo Tí Bàbá Ògúnjìmí Fi Sílẹ̀

Ẹni tó bá dé Málù Road tí kò gbọ́ ìtàn Bàbá Ògúnjìmí àti tírélà, kò tíì dé Málù Road. Ó kàn gba ibẹ̀ kọjá ni.

Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni tírélà kan fi dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù Ogechi tó ń ta ohun mímu tútù. Ó dí afẹ́fẹ́, ó dí ìmọ́lẹ̀, ó dí oníbàárà. Ni Ogechi bá gba abẹ́ agboòrùn Bàbá Ògúnjìmí lọ, níbi tí wọ́n ti ń bá aráyé kọ lẹ́tà láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní èbúté Àpápá.

"Bàbá, ẹ bá mi kọ̀wé sí ọ̀gá wọn. Ẹ sọ pé dírẹ́bà yẹn wicked."

"Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ wo gan-an ni ká lò? Ọ̀dájú ni, àbí aláfojúdi?"

"Any one, Bàbá. Ẹ ṣáà jẹ́ kó dùn ún wọra."

Bàbá kọ lẹ́tà náà tán, wọ́n fi àlàfo kan sílẹ̀ níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn wà, wọ́n sì gbé àpótí ìjókòó wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà. Ṣìkẹ́mi, ọmọ wọn obìnrin, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jókòó sóòrùn. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ kì í dá gbélé. Tó ò bá mọ èyí tó yẹ, bi àwọn tó yí i ká léèrè."

Dírẹ́bà yọrí lábẹ́ ọkọ̀. "Bàbá, ta lẹ fẹ́ rí?"

"Aládùúgbò ni mí. Mo wá wo ọ̀rọ̀ kan."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wo ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n rí ìkòkò kékeré kan tí kò rí iná láti àná. Wọ́n rí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n so mọ́ táyà. Wọ́n rí ihò níbi tó yẹ kí bátìrì wà, nítorí àwọn olè ti gbé e lọ. Wọ́n rí bí Danladi, dírẹ́bà náà, ṣe ń pe ọ́fíìsì wọn ní Kirikiri láàárọ̀ lọ́sàn-án tí ẹnikẹ́ni kò gbé e. Bàbá padà sídìí tábìlì. Wọn ò kọ ọ̀dájú, wọn ò kọ aláfojúdi. "Ẹni àpatì" ni wọ́n kọ sínú àlàfo náà, wọ́n sì wá bi ọ̀gá léèrè ta ló pa á tì.

Lọ́jọ́ kejì, mẹkáníìkì mẹ́ta dé pẹ̀lú bátìrì tuntun. Àwọn tó wà níbẹ̀ búra pé tírélà náà ti ń gbọ̀n fúnra rẹ̀ kí lẹ́tà tó dé Kirikiri.

Yorùbá nìkan ni Bàbá fi ń kọ lẹ́tà. Wọ́n ní ọ̀gá tó bá gba lẹ́tà òyìnbó, á kà á, á jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá ni, á pe akọ̀wé, akọ̀wé á pe gátímáàn, gátímáàn á pe ìyá tó ń gbálẹ̀. Kí wọ́n tó kà á tán, gbogbo ilé iṣẹ́ ti mọ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá.

Bàbá ní ìwé atúmọ̀-èdè kan, ńlá, tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù. Abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó kúrú ló wà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n ṣí i, wọ́n á ní, "Ìwé yẹn mọ ọ̀rọ̀. Kò mọ Ajégúnlẹ̀."

Bàbá Alálàfo ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Àlàfo wọn sì máa ń pẹ́. Lẹ́tà ìkíni ọjọ́ ìbí kan wà tí wọ́n kọ parí nígbà tí ọlọ́jọ́ ìbí ti fi ọdún kan dàgbà sí i.

Fikáyọ̀mi, wẹ́dà tó ń jó irin, wá pé kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà sí Rekiat. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ìfẹ́ rẹ̀ ń pa òun.

"Ìfẹ́ tàbí nǹkan mìíràn?" ni Bàbá wí. "Kí lo ṣe lẹ́yìn tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí ẹ?"

"Mo wọ bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ síbi iṣẹ́, sà."

"O mọ̀?"

"Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó sọ fún mi, sà."

Bàbá pa "ìfẹ́" rẹ́, wọ́n kọ "ìdààmú". Rekiat ka lẹ́tà náà, ó wo ẹsẹ̀ Fikáyọ̀mi, ó gbà.

Àfi ìgbà tí Bàbá sùn tí wọn ò jí mọ́. Nínú àpò kóòtù wọn ni Ṣìkẹ́mi ti rí ìwé kékeré tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ lórí òkúta ibojì sí: "Níbí ni Túnbọ̀sún Ògúnjìmí sùn sí, ........ gbogbo wa." Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ṣìkẹ́mi, má ṣí ìwé."

Adéṣẹ́gun, agbẹ́kùúta ní Ìjọra, ti gbẹ́ ìyókù tán. Ọjọ́ Àìkú ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ wá sídìí ibojì. Pásítọ̀ ní kí Ṣìkẹ́mi fi "àwòkọ́ṣe" dí àlàfo náà. Àwọn ẹbí ní "ọ̀mọ̀ràn". Ẹ̀rù ba Ṣìkẹ́mi. Bébà ṣeé fà ya, òkúta kò ṣeé fà ya. Ẹ̀rù náà pọ̀ dé ibi pé ó fa ìwé atúmọ̀-èdè yọ. Tábìlì dẹ̀gbẹ́, yíǹkì dà sí ojúewé tó ṣí, kò rí ọ̀rọ̀ kankan kà. Ó ní, "Bàbá, mo ti gbọ́." Ó jókòó sábẹ́ agboòrùn.

Ogechi gbé ìgò mọ́ọ̀tì kan lé tábìlì bó ṣe máa ń gbé e fún Bàbá láràárọ̀. "Àbí kí n má gbé e wá mọ́? Neighbour na neighbour." Rekiat pọn ọmọ kọjá, ó ní, "Aǹtí, ẹ kú àfẹ́kù aládùúgbò wa."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tírélà kan fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Danladi sọ̀ kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Níbo ni aládùúgbò mi wà?"

Kò sẹ́ni tó ti sọ fún un. Ṣìkẹ́mi nawọ́ sí àpótí ìjókòó tó ṣófo. Danladi ṣí fìlà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà. Tírélà rẹ̀ tún dí iwájú ṣọ́ọ̀bù Ogechi pa. Ogechi kò béèrè fún lẹ́tà.

Lọ́jọ́ kejì, Ṣìkẹ́mi kó Ogechi, Danladi àti Fikáyọ̀mi sẹ́yìn lọ sí Ìjọra.

"Aládùúgbò," ló sọ fún Adéṣẹ́gun.

"Ìyẹn nìkan? Fún Bàbá tó mọ̀wé tó báyẹn? Mo ti pọ́n irin de ọ̀rọ̀ ńlá."

"Ẹ wo àwọn tó yí i ká."

Adéṣẹ́gun wò wọ́n. Ó wo Ogechi tó di ìgò mọ́ọ̀tì mú. Ó wo Danladi àti fìlà ọwọ́ rẹ̀. Ó wo Fikáyọ̀mi láti òkè dé ẹsẹ̀, bàtà rẹ̀ tún jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì mọ̀. Adéṣẹ́gun tẹrí ba, ó gbé irin.

Ṣìkẹ́mi padà sí Málù Road. Ó ti ìwé atúmọ̀-èdè padà sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, tábìlì sì dúró pẹrẹsẹ.